Abẹ̀bẹ̀ Tí Mo Fi Abẹ́rẹ́ Ṣe Sára Àpò

Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni bàbá mi fi ń ṣe ọnà sọ́rùn agbádá ní Ìsẹ́yìn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì ló kọ́ níṣẹ́. Èmi, abẹ̀bẹ̀ ló fi lé mi lọ́wọ́. Mo gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kí n máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, kí òógùn má bàa kán sórí aṣọ funfun, nítorí ibi tí òógùn bá kán sí á pọ́n, kò sì ní fọ̀ mọ́. Bí apá bá ro mí tí mo dúró, bàbá á kàn húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Mo mọ ikọ́ yẹn dáadáa.

Nígbà tí ojú rẹ̀ lọ pátápátá, mo mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Ajah, lásìkò tí wọ́n ń fẹ ojú ọ̀nà ẹsipirẹ́sì, tí eruku ń bá wa jẹun nínú àwo. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń wa tírélà, èkejì ń ta fóònù. Àwọn méjèèjì ti pa abẹ́rẹ́ tì. Èmi ń tún ọ́fíìsì ṣe ní Oníru. Bàbá kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ sétí. Bí àwọn ará ilé bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ṣe rí, á ní àgbẹ̀ ni òun.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé mo ti fi ojú jí iṣẹ́ náà láti kékeré. Ọwọ́ mi ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, ojú mi wà lára abẹ́rẹ́. Ó dùn mí pé kò kọ́ mi, mi ò ní purọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo ra àpò kanfáàsì funfun tí mo fẹ́ máa fi gbé oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́, mo fi òwú búlúù ṣe abẹ̀bẹ̀ roboto sára rẹ̀. Dandan ni kí bàbá mi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó dáa.

Lọ́jọ́ Àìkú kan tí bàbá kírun ọ̀sán tán, mo gbé àpò náà lé e nítan.

"Bàbá, ẹ bá mi wò ó."

"Kí ni kí n fi wò ó?"

"Ọwọ́ yín ńkọ́?"

Ìka rẹ̀ wá ń rìn lórí òwú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ìdí abẹ̀bẹ̀ náà, níbi tí gbogbo ìlà ti pàdé.

"Tú u."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní kí o tú u. Gbogbo wọn lo kó jọ sójú kan bí èrò Ajah."

Inú bí mi gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é! Mo já àpò mi gbà, mo wọ kíṣìnnì lọ, mo ń fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Kò sí bí a ṣe máa ṣe ebòlò tí kò ní rùn igbẹ́: ojú lọ, ọ̀gá ò lọ. Nígbà tí inú mi rọ̀, mo fọwọ́ kan ìdí abẹ̀bẹ̀ náà. Ó le, aṣọ sì ti kákò. Mo tú u.

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ní kí n tú u. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Etí ni o ti máa bẹ̀rẹ̀, kó o máa bọ̀ nídìí. Jẹ́ kí ìlà kan dé ìdí, kí èyí tó tẹ̀ lé e dúró lágbedeméjì. Ọ̀kan dé, ọ̀kan dúró. Aṣọ á ráyè mí."

Ó ti gbàgbé pé àgbẹ̀ ni òun.

Nígbà tó ku ọwọ́ abẹ̀bẹ̀ nìkan, ó tún fi ìka rìn lórí rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Ta ló kọ́ ẹ tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Nígbà tí mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ yín."

Iná ti lọ láti àárọ̀, ooru sì mú, mo fi apá nu òógùn iwájú orí mi. Ó ní, "Abẹ̀bẹ̀ ilé yìí dà?" Mo rò pé ooru ló ń mú un, mo gbé e fún un. Ó yí àga rẹ̀ síbi tó ti ń gbọ́ èémí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ mi.

"Òógùn ò gbọdọ̀ kán sí i," ó ní.

Mo tẹrí ba sórí àpò mi, mò ń rán an lọ. Inú mi dùn. Nígbà tó yá, apá ro ó, abẹ̀bẹ̀ dúró.

Mo húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún ń fẹ́ mi lọ.