Sítátà Tí A So Mọ́ Kẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń kó iṣu láti oko Òkè-Oyì wá sí ọjà Ìpàta. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa ń fi gbá irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tó ṣíná. Nígbà tí àtọ̀gbẹ bá a jà, ẹsẹ̀ náà kú, kò lè gbá nǹkan kan mọ́.

Èmi ni mo mú mẹkáníìkì wá láti Challenge, pé kó bá wa so sítátà oníbátìrì mọ́ ọn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí bàbá àwọn ọmọ sinmi nílé."

Ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn, "Kí n wá máa ṣọ́ adìẹ rẹ, àbí?"

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ẹ̀gbọ́n mi fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Alhamdulilahi! Mi ò bẹ ẹsẹ̀ mọ́."

Ó gbéra. Ọ̀nà iwájú ilé da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ògiri ló sì wà nísàlẹ̀. Mo rí i tó ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn náà ló yẹ kó fi tẹ bíréèkì, kò sì gbéra. Kẹ̀kẹ́ kọlu ògiri, irin há ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀.

Mẹkáníìkì kawọ́ lérí. "Kó ṣáà ṣíná lẹ sọ fún mi! Ẹnikẹ́ni ò sọ ti bíréèkì."

Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, kò dùn mí rárá." Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀ tó ti sáré dé.

"Ìyá àwọn ọmọ, adìẹ rẹ dà?"