Bàbá Mi àti Ọ̀rọ̀ "Sílóòpù"

Ìlú tí wọ́n bí mi sí kò ní òkè. Ní Ayétòrò, ilẹ̀ àti omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba; orí òpó la kọ́lé sí, orí afárá pákó la sì ń rìn. Nítorí náà, nígbà tí tíṣà wa, tó jẹ́ ọmọ Èkìtì, béèrè ìtumọ̀ "sílóòpù" lọ́wọ́ wa ní kíláàsì, kò sẹ́ni tó nawọ́ àfi èmi. Mo dìde, mo gbé rúlà lé èjìká òsì, mo sì nàró ṣánṣán.

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi ni, sà."

Bàbá mi ti jagun ní Bọ́mà. Gẹ̀ẹ́sì tó mú bọ̀ kò pọ̀, àṣẹ ọ̀gá ṣọ́jà ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ti pariwo "sílóòpù", èjìká ni ìbọn ń lọ. Tíṣà ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí òun ń wá ni ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀, tó ti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀. Ó ṣí ìwé atúmọ̀-èdè ńlá kan, ó ní ó jọ pé inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ló ti ṣẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí kí nǹkan yọ̀ bọ́. Ó ní àwọn Òyìnbó tún ń lò ó fún ẹni tó bá yọ́ kẹ́lẹ́ sá kúrò níbi iṣẹ́.

Mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá mi nírọ̀lẹ́.

"Wá," ó ní, "n ó fi tiwa hàn ẹ́."

Ó mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n to gẹdú dagẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀ káfíńtà wọ inú omi, wọ́n fi ọ̀rá pa á. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń fa ọkọ̀ tó bàjẹ́ gbà gòkè, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń ti tuntun gbà wọmi.

"Òkè kan ṣoṣo tí a ní nìyí. Ọwọ́ wa la fi ṣe é."

Ibẹ̀ ló wà lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kọṣẹ́. Wọ́n ń fa ọkọ̀ kan gòkè, wọ́n ń kọrin, ohùn tirẹ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́. Kí wọ́n tó wẹ̀yìn, ó ti wó lulẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rọ, ẹnu rẹ̀ sì wọ́.

Nígbà náà, gbogbo wa ní Ayétòrò la jọ ni ohun gbogbo, kò sẹ́ni tó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Oúnjẹ ń ti ilé ìdáná ìlú wá, wọn kò sì fi tirẹ̀ falẹ̀ rí. Wọ́n gbé e sídìí àwọ̀n kó máa tún un ṣe, àmọ́ ọwọ́ kan kò lè ta kókó. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ìyẹn ló dùn ún jù.

"Ṣé wọ́n ń sọ pé mo sá níṣẹ́?" ó bi ìyá mi lọ́jọ́ kan.

"Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mò ń sọ ọ́."

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àjùmọ̀ní yẹn tú ká. Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wá tirẹ̀. Àwọn tó lágbára wá àwọ̀n, wọ́n wá ọkọ̀. Bàbá mi kò ní ilé, kò lọ́kọ̀, kò sì lọ́wọ́ tó máa fi wá wọn. Ìyá mi lọ sí Awóyè lọ máa yan ẹja. Èmi ni mo fi ọkọ̀ ojú omi gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Òde Mahin. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n tẹ́ ẹní sí fún un.

"Bàbá, n ó máa wá wò yín."

"Omi jìn. Má yọ ara rẹ lẹ́nu."

Mo ń lọ nígbà tí mo bá rí ọkọ̀ wọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń béèrè ọkọ̀ tí wọ́n ń kàn. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí ọlọ́kọ̀ fi pè mí.