Pikria Fa Àkàbà Sókè

Bó bá ṣe pé ẹnu ni wọ́n fi ń gé koríko ni, Murzakani aládùúgbò mi ni ì bá lówó jù ní abúlé wa. Kí àlejò ṣáà ti yọ lójú ọ̀nà, yóò ju dòjé sílẹ̀, yóò nàka sí ilé-ìṣọ́ olókùúta tí àwọn baba ńlá rẹ̀ kọ́: "Ẹ wo ẹnu ọ̀nà lókè yẹn. Ọ̀tá dó tì wá títí ó fi sú wọn. A wọlé, a fa àkàbà sókè, ó parí." "A" ni o, bí ẹni pé òun náà wà níbẹ̀.

Pikria ìyàwó rẹ̀ ló ń gé koríko. Ní Svaneti, ilẹ̀ olókè tiwa níbí, ẹni tí kò bá kó koríko tó pọ̀ pamọ́, ebi ni yóò pa màlúù rẹ̀ nígbà yìnyín. Lọ́dún yìí, ìdajì pápá wọn ṣì wà láìgé, àwọn àgbà sì ti ní òjò ò ní pẹ́ dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Pikria gbé búrẹ́dì àti wàràkàṣì, ó gun ilé-ìṣọ́, ó sì fa àkàbà sókè.

Murzakani kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyá Levani, sọ̀ kalẹ̀ jàre. Àlejò ń bọ̀."

"Kí wọ́n máa bọ̀. Dòjé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé màlúù."

"Mo máa gé gbogbo ẹ̀ lọ́la."

"Ẹnu dùn-ún ròfọ́, Baba Levani."

Ó bẹ̀bẹ̀, ó halẹ̀, ó ní òun á gun ògiri. Mo ní kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà, ṣebí òun náà ló ń sọ fáyé pé kò ṣeé gùn. Inú mi dùn, n ò ní purọ́.

Ni àwọn àlejò bá dé. Ìyá àgbà kan láàárín wọn, tó ti gbọ́ ìtàn ilé-ìṣọ́ náà rí, gbójú sókè. "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Ìyàwó mi ni, mà."

"Ta wá ni ọ̀tá?"

Murzakani wò mí. Mo wo ibòmíràn. Ó mú dòjé, ó gba pápá lọ.

Nígbà tó gé ìlà koríko kan tán, Pikria sọ àkàbà kalẹ̀ fún àwọn àlejò. Ṣùgbọ́n wọn ò gùn ún. Pápá ni wọ́n rọ́ lọ, wọ́n ń ya fọ́tò ọkùnrin tó ń gé koríko. Murzakani rí wọn, ó nàró, ó nu òógùn ojú, ó wúkọ́.

"Nígbà ayé àwọn baba ńlá wa, dòjé yìí..."

Gbogbo wa gbọ́ tí àkàbà tún ń ha ògiri lọ sókè. Ó pa ẹnu dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gé koríko lọ.