Ìwé Tí Bàbá Ní Kí N Kà Parí

Ìwé méjì ló wà lórí káńtà ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ní Adum, ọ̀kan ṣoṣo la sì lè rà. Ọ̀kan nípọn, gbogbo ẹ̀yà ara ló wà nínú rẹ̀. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ìbéèrè àti ìdáhùn nìkan. Òun ni àwọn tó ṣáájú wa nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sọ pé kí n rà. Bàbá mi, áàfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú nílé wa ní Dichemso, ní kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú èyí tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Mo ṣàlàyé. Ó pa á dé.

"O ò tíì kàwé, o ti ń wá ìdáhùn."

Èyí tó nípọn ló rà. Mo fajú ro nínú ọkọ̀ tirótiró títí a fi délé.

Bàbá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, a kì í sọ pé a mọ ìwé láìkà á síwájú ẹlòmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí àwọn ọmọ kéú rẹ̀ ti ń ṣe. Ó ní tí mo bá parí rẹ̀, òun yóò pa àgbò, òun yóò ṣe wòlímọ̀ fún mi bí ẹni tó parí Àlùkùránì. Wòlímọ̀ ìwé nọ́ọ̀sì! Ẹ̀rín pa mí. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Àìkú tí mo bá wálé láti ilé ẹ̀kọ́ ní Bantama, á tẹ́ ẹní, èmi á sì kàwé. Tí ohùn mi bá ti rẹlẹ̀, á dá mi dúró, á ní kí n sọ ibẹ̀ ní Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mi ò lè sọ ọ́, torí kò yé èmi náà. Ó máa ń bí mi nínú.

Ibi kíndìnrín la dé tí iṣẹ́ wọ́ọ̀dù fi pọ̀ sí i. Mo yá ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo kọ́ ọ sórí, mo sì yege nínú ìdánwò.

Lọ́jọ́ tí mo gbàwé ẹ̀rí, àwọn áàfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kí wa, wọ́n sì béèrè wòlímọ̀ tó ṣèlérí. Bàbá wò mí.

"Ẹ ṣe sùúrù. Ibi kíndìnrín ló ṣì wà. Ó ku kakra, ó ku díẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni mo pè é. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, mo ṣì ń bá ẹní náà nílẹ̀, èmi á sì ní ó ti rẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ ẹní yẹn dùn mí títí dòní.

Ọdún tí Bàbá kú, lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, ni mo tó ka ìwé tó nípọn náà parí. Mo kà á sókè nínú yàrá mi, láti ibi kíndìnrín dé ojú ewé ìkẹyìn. Ibi tí ohùn mi ti rẹlẹ̀ pọ̀. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró.