Ẹ̀rọ Mẹ́gàádì Tí Kì Í Dúró Gbọ́ Èsì

Kí ilé iṣẹ́ wa ní Bompai, ní Kano, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa jẹnẹrétọ̀ lálaalẹ́, èmi àti ìyàwó mi jọ máa ń mu kókó, ẹ̀kọ mímu ti Hausa, láràárọ̀ ni. Inú ọgbà kan lẹ́yìn Ibo Road là ń gbé, yàrá méjì tó kọjú sí kànga. Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú ilẹ̀kùn wa. Ìyá Hausa kan máa ń dín kòsáì, irú àkàrà wọn, lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. A óò rà á ní gbígbóná, a óò sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere. Tí ìyàwó mi bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, ó di ti àwọn oníbàárà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó di ti ṣọ́ọ̀ṣì. Àárọ̀ nìkan ni tèmi.

Ọdún kan wà tí àárọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ̀ ní Kano. Díẹ̀ wà ní ọ́fíìsì, ọ̀kan ńlá wà ní ilé ìkẹ́rùsí ní òdìkejì ọgbà. Láàárín wọn, a gbé ẹ̀rọ kékeré kan kalẹ̀ tó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọ́fíìsì, tó ń fi í ránṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí, tó sì ń gba èsì bọ̀. Ráútà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ lónìí. Mẹ́gàádì ni àwa ń pè é, nítorí kò sí ohun tó lè wọlé tàbí kó jáde láìgba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Tó bá jí, ìyẹn ni pé tí iná bá dé ara rẹ̀, yóò ka àwọn àṣẹ tí mo kọ sínú dísíìkì kan: kí ó pe ilé ìkẹ́rùsí, kí ó ṣí ọ̀nà, kí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa kọjá.

Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, torí pé a kì í pa á. Àfìgbà tí epo dísẹ̀lì wọ́n, tí ọ̀gá ní kí wọ́n máa pa jẹnẹrétọ̀ tí iṣẹ́ bá ti parí, kí wọ́n máa tan án padà ní ìdájí. Láti ìgbà náà ni mẹ́gàádì ti ń jí tí kì í ṣiṣẹ́. Iná ara rẹ̀ yóò tàn, yóò máa kùn bí oyin, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò ní ṣí.

Ohun tó tojú sú mi ni pé bí mo bá fúnra mi jókòó síwájú rẹ̀, tí mo tẹ àṣẹ yẹn gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú dísíìkì, ọ̀nà yóò ṣí. Àṣẹ kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo pààrọ̀ dísíìkì. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo tilẹ̀ fi ìlà kan síbẹ̀ pé kí ó kọ "mo ti jí" sójú gíláàsì rẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá ó ń ka dísíìkì náà rárá. Ó kọ ọ́. Ó ń kà á nìyẹn. Àárín ọ̀nà ló ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn lọ́rì máa ń tò síwájú ilé ìkẹ́rùsí láti ìdájí, wọn kò sì lè di ẹrù láìsí ọ̀rọ̀ láti ọ́fíìsì. Nítorí náà, mo ní láti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé, kí n tẹ àṣẹ náà lọ́wọ́. Mo ń jáde nílé kí ìyá oníkòsáì tó dáná. Ọkùnrin Hausa tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí, tó ń ti àdúgbò Gwagwarwa wá, tó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa, kò jẹ́ kí n gbádùn.

"Ọ̀gá, ina kwana? Ṣé mẹ́gàádì yín ti mu tíì, àbí ó ṣì ń sùn?"

"Ó ti jí. Kò kàn fẹ́ ṣiṣẹ́ ni."

"Haba! Ẹ yọ ọ́ níṣẹ́, ẹ gba àbúrò mi. Òun náà máa ń sùn, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣí géètì."

Ọ̀gá kò bá mi ṣàwàdà ní tirẹ̀. Ó ní yàrá kan ṣófo lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí. Tó bá jẹ́ pé àfi tí mo bá wà níbẹ̀ kí ẹ̀rọ náà tó ṣiṣẹ́, kí n kó wá síbẹ̀ tí oṣù bá parí, kí n máa lọ sílé lọ́jọ́ Àìkú.

Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ń gé aṣọ lọ́wọ́, kò sì gbé síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì ni," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Kí ni n ó wá máa fi kòsáì tó bá kù ṣe?"

Ó ń gé aṣọ rẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ níbí. Ọmọ ìjọ Àládùúrà ni. Tó bá jí, orí ìkúnlẹ̀ ló ń lọ tààrà, kì í sì í dá ènìyàn kankan lóhùn kó tó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ní àárọ̀, ti Ẹni tó jí wa ni. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, mo rò pé ó ń bá mi yan odì ni. Nígbà tó yá, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: n ó pè é, n ó dúró. Tí mo bá ti gbọ́ "Àmín", yóò yíjú sí mi, yóò ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá wọn." Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀.

Ìkánjú Bompai ti mú kí n gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí oṣù ti ń lọ sópin, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ní, "Màmá wọn, ṣẹ́ẹ̀tì búlúù mi dà? Bá mi ti ilẹ̀kùn. Tí alómi bá dé, kó pọn kún gbogbo kẹ́ẹ̀gì." N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì àná, mo ti Vespa mi dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó ń fi ọwọ́ kan so ìró mọ́dìí, ṣẹ́ẹ̀tì búlúù wà ní ọwọ́ kejì.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá wọn."

"Káàárọ̀. Mò ń kánjú ni."

"Mo rí i. Ẹ pe èèyàn, ẹ ò dúró gbọ́ èsì. Ẹ di ẹrù ọ̀rọ̀ lé ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ lórí, ẹ wá bínú lọ."

"N kò bínú."

"Ẹ wo ẹnu yín bó ṣe gùn. Pé èèyàn ti jí kọ́ ni pé ó ti ṣe tán tí yóò dáhùn. Àbí bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń pe àwọn ẹ̀rọ yín?"

Ìyá oníkòsáì, tó ń kó igi sídìí ààrò, bú sẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Yorùbá. Mo pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, mo lọ.

Ẹ̀yìn lọ́rì kan tó kó àpò ẹ̀pà ni mo wà lójú ọ̀nà Bompai nígbà tí ọ̀rọ̀ náà padà wá bá mi. Èèyàn lè ti jí, kó má tíì ṣe tán. Nígbà tí mo débẹ̀, n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Mo ní kí ọkùnrin ilé ìkẹ́rùsí dúró ti kọ̀ǹpútà ńlá, kó pariwo tó bá ti ṣe tán. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Mẹ́gàádì jí kíá, ó kọ "mo ti jí", ó sì dákẹ́. A dúró, a dúró, kí ọkùnrin náà tó ké láti òdìkejì pé, "Ọ̀gá, ó ti ṣe tán!"

Gbogbo rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iná ń dé bá àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńlá a máa pẹ́ kí ó tó múra tán. Mẹ́gàádì ń pè é lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́ èsì, ó sì ń ju ìyókù àṣẹ náà nù. Nígbà tí èmi bá fi dé ìdí mẹ́gàádì, tí mo bọ́ kóòtù, tí mo jókòó, èkejì yóò ti ṣe tán. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń gbọ́ tèmi.

Mo fi àṣẹ tuntun sí ìbẹ̀rẹ̀: pe ilé ìkẹ́rùsí, bí kò bá dáhùn, dúró díẹ̀, kí o tún pè é. Ọkùnrin náà dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò mí.

"Tí kò bá wá dáhùn ńkọ́?"

"Yóò tún pè é."

"Tí kò bá dáhùn rárá?"

"Yóò máa pè é lọ ni. Kò sígbà tí kì í dáhùn."

Ní ọjọ́ kejì, n kò lọ ní ìdájí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Tí ọ̀nà kò bá ṣí, àwọn lọ́rì yóò tò dé géètì, èmi yóò sì kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí nìyẹn. Mo gbọ́ "Àmín" láti inú yàrá. Ó jáde, ó kí mi, ó wo ojú mi, ó sì lọ ra kòsáì. A mu kókó wa tán. Nígbà tí mo dé Bompai, ọkùnrin ilé ìkẹ́rùsí ń dúró dè mí lẹ́nu géètì. "Ọ̀gá," ó ní, "mẹ́gàádì yín ti jí ṣáájú yín lónìí!" Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ yàrá ẹ̀yìn yẹn mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, a mu kókó pọ̀ fún ọdún tó pọ̀. N kò kà á, torí mi ò mọ̀ pé ó ń tán lọ.

Ọgbà kan náà ni mo ṣì wà lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú. Ọmọ wa obìnrin máa ń fi Hausa bá mi jà pé kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, mo sì ń fi Yorùbá dá a lóhùn pé n ó wá. Ọmọ ìyá oníkòsáì ló ń dín in lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Kí ó tó dáná ni mo ti ń jí. Mo máa ń pe "Màmá wọn" ní ohùn ìsàlẹ̀, n ó sì dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí àdúrà rẹ̀ máa ń gbà. Lẹ́yìn náà ni n ó wá dìde lọ gbé omi kókó kaná.

Ọkùnrin ilé ìkẹ́rùsí bi mí nígbà náà pé tí kò bá dáhùn rárá ńkọ́. Èmi ni mo kọ àṣẹ yẹn. N kò fi òpin sí i.