Ààlè Tí Mo Pa Sí Ìdí Pèrègún

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà nígbà tí mo ń dáko ní Osi. Ó ti pẹ́ o! Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni, mi ò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ.

Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, oko kòkó rẹ̀ sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kó tó dákẹ́, ọ̀rọ̀ kan ló ń tẹnu mọ́: kí n ṣọ́ ààlà. Pèrègún ló wà láàárín oko wa àti ilẹ̀ Bàbá Dúpẹ́, àgbàlagbà kan tí òun àti bàbá mi ti jà sí ààlà yẹn rí. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ni kí n máa ṣọ́ bí kò ṣe Bàbá Dúpẹ́?

Lọ́dún yẹn, ọyẹ́ mú débi pé ewé ń rún wómúwómú lábẹ́ ẹsẹ̀. Iná ti jó oko àwọn kan níhà Ìlọfà. Ni ọ̀gá Ágíríìkì kan, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, bá gun alùpùpù wá, ó pè wá jọ sábẹ́ igi mángòrò níwájú ilé ìwé. Ó ní ewé gbígbẹ ni iná fi ń ṣe ọ̀nà. Kí àwọn méjì tó bá bára wọn pààlà jọ ro ẹ̀gbẹ́ ààlà náà, ìṣísẹ̀ márùn-ún níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún, kí wọ́n sì gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ féfé. Ó ní bí ẹnì kan bá dá a ṣe, kò ní tó. Ó bẹ àwọn ọdẹ pé kí wọ́n má fi iná lé òyà mọ́ láìsọ fún ará oko. Àwọn ọdẹ kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Ẹnì kan bi í bóyá ìjọba ló fẹ́ fọgbọ́n gba ilẹ̀ wa. Ohun tó wà nínú tèmi náà nìyẹn! Ó búra pé rárá. Ta ló wá kọ́kọ́ dìde pé òun gbà? Bàbá Dúpẹ́! Ara fu mí lọ́gán. Ẹni tó ń yá lára láti ro ìdí pèrègún, kí ló ń wá níbẹ̀?

Ó ránṣẹ́ sí mi pé ká bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Ó tún ránṣẹ́. Mo ní à ń sin àna mi ní Ọ̀pin. Àna wo? Irọ́ ni! Ìyàwó mi ní, “Bàbá Bọ́sẹ̀, ṣé iná ni ẹ fẹ́ purọ́ àna fún?” Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́.

Bàbá Dúpẹ́ bá dá ro tirẹ̀. Ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ kó sinmi ló wà lẹ́yìn ibi tó ro náà, koríko gíga ló kún un. Tèmi wà bẹ́ẹ̀, ewé kòkó gbígbẹ mù mí dé kókósẹ̀.

Kò pẹ́ tí mo fi rí ojú ẹsẹ̀. Bàtà táyà ni, gìgísẹ̀ òsì ti ya. Ta ni kò mọ bàtà Bàbá Dúpẹ́ yẹn ní gbogbo àdúgbò? Ní apá tèmi ni o! Láti etí odò tó wà nísàlẹ̀ oko dé àárín ààlà, ẹnì kan ti gbá gbogbo ewé mi kúrò. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n! Ó ti ń tún un ṣe kó lè sọ lọ́la pé òun lòun ń lò ó.

Mo wá ìgbálẹ̀ tó ti gbó, mo so ó mọ́ àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín, mo fi pa ààlè sí ìdí pèrègún àárín, pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá ibẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò rí ojú ẹsẹ̀ mọ́. Inú mi dùn! Mo tiẹ̀ ń súfèé.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán gangan, àwọn ọdẹ kan tiná bọ igbó. Atẹ́gùn gbé e wọ koríko Bàbá Dúpẹ́. Nígbà tí mo sáré dé oko, ẹ̀ta iná ti ń fo ibi tó ro kọjá, ó ń bọ́ sórí ewé mi. Kòkó bàbá mi ń jó!

Bàbá Dúpẹ́ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti dé, wọ́n mú imọ̀ ọ̀pẹ tútù lọ́wọ́ láti fi na iná. Àmọ́ wọ́n dúró gbagidi sí ẹ̀yìn pèrègún. Mo kígbe pé kí wọ́n wọlé wá.

Ó ní, “Àjàyí, nǹkan rẹ ló dúró yìí. Ẹni tó pa ààlè ló ń tú u. Wá tú u!”

Mo sáré fà á tu. Wọ́n rọ́ wọlé, a na iná náà títí ó fi kú.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó mú mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti etí odò dé ìdí ààlè, níbi tí wọ́n ti gbá ewé kúrò, ẹyọ kòkó kan kò jó. Láti ìdí ààlè lọ sókè, eérú ni.

Mo bi í ìdí tó fi ń gbá ewé mi. Ó ní bí iná bá ti inú koríko òun wọ kòkó mi, ṣé òun kọ́ ni màá pè lẹ́jọ́? Lóòótọ́, òun ni màá pè. Ó wo àkísà tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ààlè rẹ múná o. Èmi ló lé. Iná ò tiẹ̀ wò ó.”

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ọkọ́ débẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo ṣì ń ka pèrègún náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn ò dín!

Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tí a jọ pààlà la jọ ni iná. Ṣọ́ ilẹ̀ rẹ o, àmọ́ má ṣọ́ ọ títí tí olùrànlọ́wọ́ kò fi ní lè wọlé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti lé sẹ́yìn rí, tó jẹ́ pé ewé yín ló ń bá yín gbá? Ẹ sọ tiyín, mo ń gbọ́.