Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà àti Àbúrò Ìyàwó Ẹ̀

Ọdún kẹrìnlá rèé tí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ti ń tọ́jú ogún ẹ̀rọ ilé ìkàwé. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ètò tuntun wọ orí ẹ̀rọ, òun ló ń fi fláàṣì tó gbé ètò náà sápò, tó ń ti ìdí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, á tẹ ibí, á dúró, á tẹ ọ̀hún. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Inú ẹ̀ a sì máa dùn, torí kò sẹ́ni tí kì í kí i kú iṣẹ́.

Òun fúnra ẹ̀ ló bá àbúrò ìyàwó ẹ̀ wáṣẹ́ síbẹ̀. Ká ní ó mọ̀ ni! Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí obìnrin náà dé, ó jókòó sójú kan, ó ṣí fèrèsé dúdú kan lójú ẹ̀rọ, ó tẹ ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ya wálẹ̀ bí òjò. Kí Ọ̀gá tó mu omi inú ife tán, ètò ti wọ ogún ẹ̀rọ.

"Bọ̀ọ̀dá, ó ti parí o."

"O kú iṣẹ́," ni Ọ̀gá wí, ó sì ti fláàṣì ẹ̀ padà sápò.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá níṣòro á gba iwájú Ọ̀gá kọjá, á ní, "Àbúrò dà?" Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín músẹ́, owú á sì máa jẹ ẹ́ dé egungun. Nílé ńkọ́? Ìyàwó ẹ̀ ò lọ́rọ̀ mìíràn ju "ọwọ́ àbúrò mi yá" lọ. Ni Ọ̀gá bá ń dúró lẹ́yìn Àbúrò bí ẹni ń wá ìwé, ó ń há ohun tó ń tẹ̀ sórí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àbúrò jáde lọ jẹun. Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí ilé ìkàwé ní ètò orin ń pariwo jù, kí wọ́n yọ ọ́. "Àmọ́ ẹ jẹ́ ká dúró de Àbúrò."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ọ̀gá bí ẹ̀gún. Ó ṣí fèrèsé dúdú tiẹ̀, ó pàṣẹ pé kí ètò orin máa lọ. Ẹ̀rọ to orúkọ ètò mọ́kànlá sílẹ̀: àwọn wọ̀nyí gbára lé èyí tí o fẹ́ yọ, wọ́n máa bá a lọ, ṣé kí n ṣe é? Ọ̀gá ò kà á dé ìdajì tó fi tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ní aago méjì, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ojú ẹ̀ ò ríran mọ́, wá gbọ́ ìròyìn lẹ́nu ẹ̀rọ bó ṣe máa ń ṣe. Ó fi ẹ̀rọ agbọ́hùn sétí, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀rọ ń bá mi yodì ni?"

Ètò tó ń kàwé sókè wà nínú àwọn mọ́kànlá.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?" ni ìyá àgbà béèrè.

"Àbúrò ló wà nídìí ẹ̀ láàárọ̀," ni Ọ̀gá dáhùn. Owú ló rán ẹnu ẹ̀ níṣẹ́.

Bí Àbúrò ṣe dé, ìyá àgbà bá a wí níṣojú gbogbo èèyàn. Àbúrò ṣí àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ máa ń ṣe fúnra ẹ̀: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, aago, ẹni tó pàṣẹ. Ọ̀gá yọjú léjìká ẹ̀, ó rí orúkọ ara ẹ̀ gbàgàdà. Àbúrò wojú ẹ̀, ó ti àkọsílẹ̀ náà pa, ó tẹ ìlà kan láti dá àwọn ètò náà padà.

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti lahùn!"

Ojú ti Ọ̀gá ju kí wọ́n nà án ní gbangba lọ. Àṣé ìwà Àbúrò náà tún sàn ju tòun! Ó lọ bá ìyá àgbà.

"Mà, èmi ni. Mo purọ́ mọ́ ọn."

Ìyá àgbà ní, "Ẹ lọ sọ ọ́ níṣojú àwọn tó gbọ́ tàkọ́kọ́."

Ó sọ ọ́. Àbúrò fa àga fún un. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jókòó. Tí ẹ̀rọ bá ti bi yín léèrè, ẹ ka gbogbo orúkọ yẹn tán kẹ́ ẹ tó dáhùn."

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó ẹ̀ béèrè bí iṣẹ́ ṣe lọ.

"Àbúrò ẹ mọṣẹ́," ló wí. Ó dùn ún bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ṣebí mo ti ń sọ fún yín!"

Ọ̀gá gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó ní kí àwọn jọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ mìíràn.